Ọmọbìnrin tó bá mi ṣètò ọjọ́ kọ́sítọ́mà l'Ájàṣẹ́-Ìpo: ibi tó ti dáa, àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Láti ìgbà tí mo ti gbé fọ́tò ọjọ́ tí mo kó àwọn kọ́sítọ́mà mi jọ síta lẹ ti ń pè mí, ta ló bá yín ṣètò ẹ̀, èló ló gbà, ṣé ó ṣeé gbé iṣẹ́ fún, mo ti sọ ọ́ lórí fóònù títí ẹnu ń ro mí, ni mo bá ní kí n jókòó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí gbogbo yín kà á. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ níbí torí gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, èyí tó wù mí àti èyí tó dùn mí, kò sì yẹ kí n tẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lójú ayé. Ìlọrin ló ń gbé, Tanke, iṣẹ́ ìṣètò ìpàdé àti ayẹyẹ ló ń ṣe, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa, Mọ́mì ló ń pè mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ mí, oúnjẹ adìẹ ni mò ń tà l'Ájàṣẹ́, ó ti pé ọdún 9 báyìí, layer mash tí adìẹ tó ń yé ẹyin ń jẹ, grower ti adìẹ tó ń dàgbà, ti òròmọdìẹ, òògùn wọn náà àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ibi tí mo wà dáa fún ọjà yìí gan-an torí oríta ni Àjàṣẹ́, ẹni tó ń ti Ọ̀fà bọ̀ á gbabẹ̀, ẹni tó ń ti Òmù-Àrán àti Òró bọ̀ á gbabẹ̀ kó tó dé Ìlọrin. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, tí owó àgbàdo àti sóyà gun òkè, ọjà ò rí bó ṣe ń rí mọ́. Ẹni tó ń sin 500 wá sí 200, àwọn míì ta gbogbo adìẹ wọn pátá, àwọn míì sì kàn yọ́ lọ, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á. Mo wá rò ó pé kí n kó gbogbo kọ́sítọ́mà jọ lọ́jọ́ kan, kí n ṣe wọ́n lálejò, kí wọ́n mọ̀ pé mo ṣì wà.

Ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà yẹn, kí n sọ òótọ́, ìnáwó ni. Mo ti wo hóòlù ńlá kan n'Ílọrin lọ́nà Fate Road, mo ti ń ronú àǹkóò fún àwa ẹgbẹ́, mo ti ń wo ẹni tó máa lu ìlù dadakúàdá, mo ní kí a pe ọnọ́rébù àdúgbò wa àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé mi, ká ṣe kéèkì tí wọ́n fi ya adìẹ. Àbúrò mi kan ló ní kí n má dá a ṣe, ó mọ ọmọ kan tó bá ilé iṣẹ́ wọn ṣe nǹkan. Bó ṣe wá nìyẹn.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Mo ti kó fọ́tò àwọn hóòlù sílẹ̀ kí n fi hàn án, kò wò wọ́n. Ó jókòó sórí àpò oúnjẹ adìẹ, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, tí gbogbo wọn bá ti jẹun tán tí wọ́n ti padà sílé, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n máa ṣe tí wọn ò ṣe báyìí?" Mo ní kí wọ́n máa ra oúnjẹ lọ́wọ́ mi ni. Ó ní ṣebí wọ́n ń rà á. Mo ní àwọn kan ti lọ. Ó ní, "Àwọn wo?"

Mi ò lè dá a lóhùn. Mo mọ̀ pé wọ́n ti lọ, mi ò mọ iye wọn. Ó ní kí n gbé ìwé tí mo fi ń kọ ọjà àti gbèsè wá, ìwé elẹ́yìn líle méjì yẹn tó ti gbó létí, ó fa bírò yọ, àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Ó tó wákàtí méjì, ọmọ tó ń bá mi ta ọjà ló ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Orúkọ 214 la bá níbẹ̀, nínú ẹ̀, 63 ni kò rà nǹkan kan fún oṣù mẹ́fà. 63! Ara mi bù máṣọ. Àwọn orúkọ tí mo rí níbẹ̀, àwọn míì tí mo ti bá ṣe ìsọmọlórúkọ, ìyá kan l'Ésìẹ́ tó jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ ra àpò 10 lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà fi bírò pupa yí gbogbo wọn po, ó ní, "Àwọn tẹ́ ẹ ń pè nìyí, Mọ́mì. Àwọn yòókù kàn ń bá wọn wá ni."

Níbẹ̀ gan-an ni mo ti mọ̀ pé ọmọ yìí mọṣẹ́. Àwọn olùṣètò méjì tí mo ti bá sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé àwọ̀ wo ni mo fẹ́ kí wọ́n fi ṣe hóòlù lọ́ṣọ̀ọ́, ẹnì kan nínú wọn ti ń sọ iye bàlúùn. Kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ni mo ń tà pàápàá.

A jà o, lórí lísìtì. Mi ò fẹ́ yọ àwọn ẹgbẹ́ mi, torí wọn ò jẹ́ ṣe nǹkan kí wọ́n má pè mí. Ó ní èmi ni mo ni owó mi, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní adìẹ, tó bá wá jókòó síwájú, tó ń yọ fọ́tò, tó ń gba ìrẹsì méjì, àwọn tó ń sin adìẹ á rí i pé ìnáwó Mọ́mì làwọn wá jẹ, wọn ò ní la ẹnu béèrè ọ̀rọ̀ kankan. Ó ní kí n ṣe ti ẹgbẹ́ lọ́tọ̀ nílé, kó má wọnú owó bísínẹ́ẹ̀sì. Ó dùn mí lọ́jọ́ yẹn, n ò purọ́, mi ò sùn dáadáa. Bàbá àwọn ọmọ mi ló ní kí n gbọ́ tiẹ̀, ó ní ìwọ lo lọ gbé iṣẹ́ fún un, jẹ́ kó ṣe é. Nígbẹ̀yìn ẹni 6 péré nínú ẹgbẹ́ la pè, àwọn tó ń sin adìẹ gidi.

Ti hóòlù náà, ó kọ orúkọ ìlú síwájú nọ́ńbà fóònù kọ̀ọ̀kan, Ọ̀fà, Òró, Òmù-Àrán, Èsìẹ́, Ìlọrin, Àjàṣẹ́ fúnra ẹ̀, ó wá kà á. Ará Ìlọrin ò ju 31 lọ. Ó ní ẹni tó ń ti Òmù-Àrán bọ̀, Àjàṣẹ́ yìí náà ló máa gbà kọjá lọ sí Ìlọrin, kí ló dé tá a fẹ́ kó na owó mọ́tò méjì? Hóòlù tí mo ń wò n'Ílọrin, ₦400,000, èyí tá a gbà l'Ájàṣẹ́, ₦120,000, kò lẹ́wà tó tọ̀hún, àmọ́ ó gba èèyàn 150, ó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó sì sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù mi débi pé ẹni tó bá fẹ́ á fẹsẹ̀ rìn lọ wo ọjà.

Ọjọ́ náà, ó kọ̀ Sátidé pátápátá, ó ní Sátidé gbogbo ayé ló ní ìgbéyàwó tàbí òkú tí wọ́n fẹ́ sin, ó kọ̀ Jímọ̀, ó ní kí a má bọ́ sí ọjọ́ ọjà Àjàṣẹ́ torí gọ-síló. Àlàmísì la mú. Mo ní aago 9 àárọ̀, ó bi mí pé aago mélòó ni wọ́n ń fún adìẹ lóúnjẹ. Wò ó, èmi tí mò ń ta oúnjẹ adìẹ, mi ò rò ó! Àárọ̀ ni wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ tí wọ́n ń fọ ike omi, àárọ̀ náà ni ẹyin ń pọ̀ jù, ẹni tó bá fi oko sílẹ̀ laago 8 á bá ẹyin fífọ́ nílé. A wá fi í sí aago 11, a sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé aago 3 la máa parí, kí wọ́n lè padà lọ ṣa ti ìrọ̀lẹ́. Ìwé ìpè yẹn, WhatsApp ló fi ránṣẹ́, àmọ́ ó tún pe gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àti ọjọ́ méjì ṣáájú. Àwọn 63 yẹn, ó ní èmi fúnra mi ni kí n pè wọ́n. Mo pè wọ́n. Àwọn kan ò gbé e. Ìyá Èsìẹ́ yẹn gbé e, ó ní, "Àlàájà, ẹ ṣì rántí mi?" Omi bọ́ lójú mi.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́. Owó iṣẹ́ tiẹ̀, ₦250,000, ìdajì ṣáájú, ìdajì lẹ́yìn. Gbogbo ẹ̀ pátá pẹ̀lú hóòlù, oúnjẹ, ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀, ìwé títẹ̀ àti owó mọ́tò dókítà ẹran tá a pè wá bá wọn sọ̀rọ̀, ó wọ ₦1,340,000. Mo ti múra fún mílíọ̀nù kan àtààbọ̀, nítorí náà kò kọjá ohun tí mo ní, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rìsíìtì, àfi ibì kan tí mo máa sọ níwájú.

Ọjọ́ pé. Mo dé hóòlù laago 9 àárọ̀, mo bá fóòmù pẹlẹbẹ méjì lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kó wọn sínú àwo onírin, wọ́n da omi Izal sí i, ọmọkùnrin kan dúró tì í. Mo ní kí lèyí? Ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣètò ní òun bi dókítà ẹran tá a pè pé kí ló lè bà wá lójú jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, dókítà ní kíkó àwọn tó ń sin adìẹ láti ìlú mẹ́fà jọ síbì kan, àìsàn ló lè bá bàtà ẹnì kan wọlé, kó bá bàtà ẹlòmíì délé. Ló bá ṣètò ẹ̀. Gbogbo ẹni tó wọlé ló tẹ ẹsẹ̀ sínú fóòmù yẹn, nígbà tí wọ́n ń jáde náà wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Dókítà fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀ pàápàá, ó rán wọn létí ọdún 2006, nígbà tí àìsàn bird flu wọ Nàìjíríà, oko kan ní Kàdúná ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà. Ó ní àwọn tí adìẹ wọn kú nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ ibi tí àrùn gbà wọlé. Àwọn àgbà tó rántí ń mi orí. Kò sí ẹni tó kùn sí fóòmù yẹn mọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí.

Lẹ́nu ọ̀nà náà, àwọn ọmọbìnrin méjì wà nídìí tébù, wọ́n ń kọ orúkọ, ìlú, iye adìẹ, irú oúnjẹ tí wọ́n ń lò báyìí, àti ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ kí dókítà dáhùn. Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè tà á lówó iyebíye. Èèyàn 118 ló wá nínú 140 tá a pè, nínú àwọn onípupa 63 yẹn, 41 wá.

Ó yẹ kí n sọ ibi tó burú báyìí. Aago 11 kọjá ìṣẹ́jú 40 la bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ò burú, mo ti lọ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ aago 11 laago 2. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé sípíkà wá, ti pátì ló gbé wá, àwọn gogoro yẹn, ohùn dókítà ń dún bí ẹni tó wà nínú kànga, àwọn tó wà lẹ́yìn ń ní "a ò gbọ́, a ò gbọ́". Wọ́n ṣì ń tún un ṣe lọ́wọ́ ni iná bá lọ. A ní kò sí ìyọnu, jẹnẹrétọ̀ hóòlù wà. Wọ́n fà á, ó wú, ó kú. Wọ́n tún fà á, ó wú, ó kú. Àyà mi já. Ooru bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn ń fi ìwé fẹ́ ara wọn, mo rí ọkùnrin méjì tó dìde tí wọ́n ń wo kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà wọn.

Ìṣẹ́jú 27 ni. Mo wo aago mi. Ohun tó dùn mí ni pé ó lọ wo hóòlù yẹn lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú, ó wọn ààyè ìjókòó, ó ka ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó wo omi, àmọ́ ìgbà méjèèjì tó lọ, iná wà, kò sọ pé kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ kóun rí i. Wọ́n sọ fún un pé ó ń ṣiṣẹ́, ó gbà wọ́n gbọ́. Ní Kwara tiwa yìí kẹ̀! Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó ní kí wọ́n tan án, kí gbogbo fáànù máa yí, kí sípíkà máa dún, kó jókòó tì í fún wákàtí kan, kó sì fi igi wọn dísù inú ẹ̀. Mo sọ fún un, ó gbà, kò bá mi jiyàn, kò di ẹ̀bi ru onílé.

Ohun tó ṣe láàárín ìṣẹ́jú 27 yẹn ni kò jẹ́ kí n bínú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí gbogbo èèyàn gbé àga wọn wá síwájú, kí wọ́n yí dókítà ká bí ìgbà tí àwọn ọmọ ń gbọ́ àlọ́, ó ṣí gbogbo wíńdò, ó ní kí wọ́n pín omi tútù nígbà yẹn kó má dúró de ìgbà oúnjẹ, ó rán ọmọ kan lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hóòlù, wọ́n yá jẹ́n kékeré ẹ̀, I-pass-my-neighbour yẹn, ó gbé máìkì àti sípíkà kékeré kan. Fáànù ò yí títí di ìparí. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbàgbọ́ pé àga tí wọ́n gbé súnmọ́ ara wọn yẹn ló sọ ìpàdé náà di nǹkan míì. Dókítà ò gun orí ìtàgé mọ́, àárín wọn ló wà.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin Ọ̀fà kan ti dìde. Ó ní adìẹ 300 lòun ní, tẹ́lẹ̀ kréètì 8 lòun ń ṣà lójúmọ́, báyìí kréètì 5, nígbà míì kò pé, òun ti ra oògùn títí, ṣé oúnjẹ àwọn kọ̀ǹpáǹnì ò dáa mọ́ ni? Gbogbo hóòlù dákẹ́, torí ọ̀rọ̀ gbogbo wọn ló sọ. Èmi náà dákẹ́, mo ní háà, wọ́n fẹ́ dá mi lẹ́jọ́ lójú gbogbo èèyàn. Dókítà ò yára dáhùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àpò mélòó lẹ ń fún wọn lójúmọ́?" Ó ní àpò kan, tíí ṣe kílò 25, òun sì ń fi èèrí àgbàdo lé e kó lè pọ̀. Dókítà ní ká jọ ṣe ìṣirò ẹ̀: adìẹ tó ń yé ẹyin kan ń jẹ tó gíráàmù 120 lóòjọ́, lọ́nà 300, kílò 36 nìyẹn. Ó ní àpò kan, kílò 25 ni, èèrí ló ń dí ìyókù, èèrí sì kún ikùn lásán ni, kò ní ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ẹyin, kálísíọ́ọ̀mù tí èèpo ẹyin ń fẹ́ kò sí níbẹ̀. Ó ní adìẹ tá a bá fi ebi sin, ẹyin ló kọ́kọ́ máa ń já sílẹ̀ kó tó di pé ara ẹ̀ rù. Ó wá ní, "Kréètì 3 tẹ́ ẹ ń pàdánù lóòjọ́, ẹyin 90 ni. Ẹ fi wé owó oúnjẹ tẹ́ ẹ dín kù." Ọkùnrin náà fa fóònù yọ, ó ń tẹ kalikulétọ̀. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ náà fa tiwọn yọ. Mo rí ìyá Èsìẹ́ tó ń fi ìka kà á. Dókítà tún fi kún un pé ẹni tí kò bá lágbára oúnjẹ 300, kó ta 100 nínú ẹ̀, kó fún 200 ní àjẹyó. Ìyẹn ò mú ọjà wá fún mi lójú ẹsẹ̀, àbí? Òótọ́ ni ṣá, wọ́n sì rí i pé èmi ni mo pe ẹni tó sọ òótọ́ yẹn fún wọn.

Ìṣẹ́jú 50 ni ìbéèrè gbà. Ọmọ náà ti sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tèmi ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 10 lọ, ó dúró lẹ́yìn pẹ̀lú káàdì, nígbà tó ku ìṣẹ́jú 2 ó gbé e sókè. Mo ti kọ ojú ewé mẹ́rin sílẹ̀, mo ka ojú ewé kan àtààbọ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Ìrun Àìlà wọlé, ó ti kó ẹní àti búùtà omi sílẹ̀ lẹ́yìn hóòlù, àwọn Mùsùlùmí lọ kírun, àwọn Kìrìsìtẹ́nì bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, wọ́n sì fi ti àwọn tó ń kírun pamọ́ sínú kúlà. Kò sí ìdàrúdàpọ̀. Ìrẹsì, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, adìẹ. Adìẹ yẹn àti ẹyin, ọwọ́ àwọn kọ́sítọ́mà fúnra wọn la ti rà á, ẹni mẹ́ta, MC sì dárúkọ wọn kí wọ́n tó pín oúnjẹ, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Inú àwọn mẹ́ta yẹn dùn dọ́ba. Olóúnjẹ náà ṣe dáadáa, àmàlà ò tutù.

Mo fẹ́ ṣe kọ́ọ̀bù àti táwẹ́ẹ̀lì tí fọ́tò mi wà lára ẹ̀ fún ìpín, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Kò fọwọ́ sí i. Ohun tó tẹ̀ ni páálí líle kan tí wọ́n lè fi ìṣó kọ́ sára ògiri ilé adìẹ, oṣù 12 ló wà níbẹ̀, ibi tí èèyàn á máa kọ iye ẹyin ojúmọ́, iye oúnjẹ, iye tó kú, ọjọ́ abẹ́rẹ́, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù mi sì wà nísàlẹ̀. Oṣù tó kọjá mo lọ sí oko kan l'Ọ́fà, mo bá a lára ògiri, eruku ti bò ó díẹ̀, wọ́n sì ti kọ ọ́ dé àná. Ta ló máa wo kọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ bẹ́ẹ̀?

Èyí tí mo rò pé ó níye lórí jù nínú owó tí mo san, iṣẹ́ tó ṣe lẹ́yìn ọjọ́ náà ni. Àwọn olùṣètò míì, bí wọ́n bá ti tú àga ká, ó parí. Òun, láàárọ̀ Jímọ̀, ó kó àwọn ìwé ẹnu ọ̀nà yẹn jókòó, ó pín wọn sí mẹ́ta: ẹni tó ní òun fẹ́ ra ọjà lọ́sẹ̀ yẹn, ẹni tó ní ìṣòro adìẹ tí dókítà ní láti lọ wò, àti ẹni tó kàn wá. Ó ní kí n pe àwọn àkọ́kọ́ kó tó di Mọ́ńdè, kí wọ́n má gbàgbé. Mo pè wọ́n. Nínú àwọn 41 tó ti lọ tí wọ́n padà wá yẹn, 24 ti rà lọ́wọ́ mi láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èyí ni mo fi mọ̀ pé owó mi ò ṣòfò, kì í ṣe fọ́tò.

Ìyókù ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹnu ọ̀nà bàlúùn kan wà tó gbé síbẹ̀, mi ò béèrè ẹ̀, lẹ́yìn ìpàdé ló wá kọ ₦45,000 mọ́ owó mi. Mo ní rárá o, oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà, ohun tá ò jọ kọ sílẹ̀ mi ò ní san án. A sọ̀rọ̀, ó gbà láti san ìdajì ẹ̀ fúnra ẹ̀, mo san ìdajì torí ó bá ọmọ tó ṣe é ṣe àdéhùn. Kò tún ṣe irú ẹ̀ mọ́, mo rí i pé ó kọ́gbọ́n. Fídíò náà, ó ní ọjọ́ 5, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló tó dé ọwọ́ mi, nígbà yẹn ọ̀rọ̀ ti tutù, mi ò lè lò ó bí mo ṣe fẹ́. Ọ̀gá fídíò ló ní ó fa ìdádúró, àmọ́ òun ni mo gbé iṣẹ́ fún, mi ò mọ ọ̀gá fídíò kankan.

Tí ẹ bá ní kí n fún un ní máàkì, 8 nínú 10. Ká ní jẹnẹrétọ̀ yẹn ṣiṣẹ́, mi ò bá fún un ní 9. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un, ẹ mọ̀ pé ó máa bi yín léèrè ọ̀rọ̀ tí kò ní dùn mọ́ yín, ẹ má torí ìyẹn lé e. Ẹ gbé ìwé ọjà yín sílẹ̀ kó tó dé, ẹ má ṣe bí èmi tó ń wá a káàkiri. Ó kéré tán, ẹ pè é ní oṣù méjì ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fún un, ó sá eré. Tó bá sì jẹ́ ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó lẹ fẹ́ ṣe, mi ò mọ bó ṣe ń ṣe ìyẹn, èyí tí mo rí ni mo sọ.

Mo ti fún un ní àdífáànsì fún ti ọdún tó ń bọ̀. A ti kọ ọ́ sínú ìwé, èmi àti òun fọwọ́ sí i, pé kí n tó san kọ́bọ̀ fún hóòlù, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ fún wákàtí kan lójú mi, pẹ̀lú fáànù, pẹ̀lú sípíkà.